Màmá Orí Ògiri

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò bu iyì kún mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nílé iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Àwọn kan ń yàwòrán níbẹ̀, àwọn kan ń bá àwọn oníbàárà jókòó, èmi ń kọ ọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rí ìwé pélébé kan rí nínú àpótí lẹ́tà yín, tó ní kẹ́ ẹ wá ra bẹ́ẹ̀dì tuntun torí pé ẹ̀yìn yín ti jìyà tó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló ti wá. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè ṣe irú nǹkan tí mo ṣe ni.

A ní ìlànà kan níbi iṣẹ́ wa. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a máa kọ́kọ́ dá èèyàn kan. Ọ̀gá wa ló kó ìlànà náà wọlé. Ó ní ìpolówó tó bá ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Torí náà, a máa ń lẹ páálí funfun ńlá kan mọ́ ògiri yàrá ìpàdé, a ó sì kọ ẹni tá a fẹ́ tajà fún sórí rẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀, irú ilé tó ń gbé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe tó bá jí, ẹni tó máa ń pè lórí fóònù, ohun tó ń bà á lẹ́rù. A ó wá fún un lórúkọ. A ti ní Bàbá Ẹ̀yìn-Ń-Ro-Mí, òun la ta bẹ́ẹ̀dì fún. A ti ní Ìyàwó Kò-Ráyè, tá a ta ẹ̀rọ ìfọṣọ fún. Oṣù mẹ́fà gbáko ni Ìyàwó Kò-Ráyè fi wà lára ògiri, débi pé bí ẹnì kan bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, a máa ń bi í pé ṣé ilé Ìyàwó Kò-Ráyè ló sùn. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ gan-an. Ẹni orí ògiri kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tí yóò wá bínú.

Nígbà òtútù ọdún tó kọjá, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan gbé iṣẹ́ wá fún wa. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, obìnrin tó máa ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni pé aláìsàn ń sùn ní yàrá kejì. Yàrá méjìlélọ́gbọ̀n ló kọ́ síbẹ̀, mọ́kànlá péré ló ní èèyàn nínú. Ó fẹ́ ká kọ lẹ́tà sí àwọn ìyá àgbà tó ń dá gbé, kì í ṣe sí àwọn ọmọ wọn.

“Ojú máa ń ti àwọn ọmọ láti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀,” ó wí. “Àwọn ìyá fúnra wọn ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́.”

Kò purọ́ fún wa. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ní sùúrù. Ẹ má gbé ẹ̀bi kọ́ ọ lọ́rùn.

A lẹ páálí. A sọ ẹni orí ògiri ní Màmá Adágbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ọkọ rẹ̀ ti kú. Èmi ni mo kọ ìyókù, ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ ni mo sì kọ: ó fẹ́ràn àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó máa ń gbọ́ rédíò, orúnkún máa ń ro ó bí òtútù bá mú. Ọ̀gá wa káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró síwájú páálí náà. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú lọ, ó sì ní bó ṣe máa ń dákẹ́ tí inú á fi máa bí mi.

“Ta lèyí?” ó bi mí.

“Màmá Adágbé ni, sà.”

“Mi ò rí màmá kankan níbí o. Káàdì ọjọ́ ìbí ni mò ń kà yìí. Kí ló ń bà á lẹ́rù?”

“Ikú,” Ayàwòrán ló dáhùn. Bá a ṣe ń pè é nìyẹn, torí òun ló ń ya gbogbo àwòrán wa, ọ̀rẹ́ mi sì ni.

“Gbogbo wa ni ikú ń bà lẹ́rù. Kí ló ń ba òun gan-an lẹ́rù?” Ó yíjú sí mi. “Àbí ká gbé e fún ẹlòmíì ṣe? Bóyá ó ti rẹ̀ yín, Àǹtí.”

Àǹtí yẹn ló dùn mí jù. Ó rọra fi í parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń ran arúgbó sọdá títì. Mo ti gbìyànjú títí láti di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rù ú, kò ṣeé ṣe. Ohun tó bi mí kò ju pé kí n tún iṣẹ́ mi ṣe. Èmi ni inú bí, èmi ni mo fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé kò tíì rẹ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nígbà yẹn. Oṣù mẹ́rin ṣáájú, Màmá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, wọn ò rí ara wọn gbé nílẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Egungun kankan ò dá. Wọ́n rọra wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n dìde, wọ́n wẹ̀, wọ́n sì wọ aṣọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí wọ́n tó sọ ọ́ fún mi, níbi tá a ti jọ ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Wọ́n ní ìrora kọ́ ló yọ àwọn lẹ́nu nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn dùbúlẹ̀, àwọn ń ka táìlì, mọ́kànlélógójì ni gbogbo rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí àwọn sì ń rò ni bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò ṣe dúró ti bẹ́ẹ̀dì àwọn nílé ìwòsàn, tí a ó wojú ara wa lókè orí àwọn, tí ẹnì kankan nínú wa ò ní sọ̀rọ̀.

“Ìwò yẹn ni mi ò fẹ́ rí,” wọ́n wí. “Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Mo ní mi ò ní sọ. Mi ò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi títí dòní. Yàrá ìpàdé ni mo ti sọ ọ́, lójú èèyàn mẹ́fà.

“Ikú kọ́ ló ń bà á lẹ́rù,” mo wí. “Ó ti ṣubú rí ní balùwẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀, ó ń ka táìlì. Ohun tó ń rò ni bí àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣe wojú ara wọn lókè orí rẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́. Kò fẹ́ kí wọ́n wojú ara wọn bẹ́ẹ̀. Ó sàn fún un kó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn.”

Mo gbọ́ ẹnu mi bó ṣe ń pe Màmá mi ní ó, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méje, mi ò sì dúró. Nígbà tí mo parí, Ayàwòrán gbé pẹ́ńsùlù rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mú bírò ńlá, ó fa igi sórí gbogbo ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀, ó sì kọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sórí páálí, ọ̀rọ̀ kan ò bọ́ sílẹ̀.

“Níbo lẹ ti rí eléyìí?” ó bi mí.

“Mo kàn rò ó ni.”

“Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí. Mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fẹ́ sọ pé ojú tì mí níbẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Ó dùn mọ́ mi. Orí mi wú, mo rìn padà sídìí tábìlì mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, adùn ọjọ́ yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi kọ lẹ́tà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: *Ìyá wa ọ̀wọ́n, a mọ̀ pé ikú kọ́ ló ń bà yín lẹ́rù. Ẹ ti ka ogójì táìlì rí ní ilẹ̀ balùwẹ̀ yín, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ yín ò tíì wojú ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ṣì lè yàn án fúnra yín.* Ìyókù ń sọ nípa yàrá, ọgbà, àti nọ́ọ̀sì tó máa ń wà nítòsí tọ̀sán-tòru. Ẹ rí i pé ogójì ni mo kọ, kì í ṣe mọ́kànlélógójì. Táìlì kan ni mo yọ kúrò, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti tán, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Màmá mi mọ́. Ayàwòrán ò ya ojú ẹnikẹ́ni sí i. Táìlì funfun ló yà sí ẹ̀bá ìwé náà, mẹ́rin sókè, mẹ́rin sísàlẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá.

“Ṣé ká yọ táìlì yìí?” mo bi Ọ̀gá.

“Ẹ yọ ohunkóhun tó bá wù yín,” ó wí, “ẹ má ti fọwọ́ kan táìlì.”

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ní àkọsílẹ̀ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì, àwọn náà ni wọ́n tẹ orúkọ oníkálùkù sí ẹ̀yìn àpò ìwé, mi ò fojú kan àkọsílẹ̀ náà rárá. Ẹ máa bi mí pé ṣé mi ò rò ó pé ó lè dé ọ̀dọ̀ Màmá mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, opó, tó ń dá gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kò wá sí mi lọ́kàn. Mo ti ń wo Màmá Adágbé lára ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti gbàgbé pé ó ní ilé tí olùpínlẹ́tà lè dé.

Káàdì ìdáhùn kan wà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń dá wọn padà sí, ká lè kà wọ́n ká tó kó wọn fún nọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, káàdì ti kún àpótí méjì. Ọ̀gá ń fò káàkiri ọ́fíìsì bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi àti Ayàwòrán la jókòó tì wọ́n, à ń tò wọ́n ní àdúgbò-àdúgbò. Láti inú káàdì, èèyàn á máa rí ọwọ́ ìkọ̀wé tó ń gbọ̀n, á rí ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́ tí wọ́n tún un kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n kíákíá, kí n má baà rò ó.

“Gbọ́ ti màmá yìí,” Ayàwòrán wí. “Níbi tá a ti béèrè pé ta la tún lè pè lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ní: ‘Kò sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe àwọn ọmọ mi.’”

Ọ̀gá ń kọjá lọ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró. “Ẹni tá a kọ ọ́ sí gan-an nìyẹn,” ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo na ọwọ́, mo gba káàdì náà. Ọwọ́ òsì ni Màmá mi fi ń kọ̀wé, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ló máa ń dà sẹ́yìn díẹ̀. Mi ò tíì ka orúkọ tí mo ti mọ̀ pé àwọn ni. Mo ka àdírẹ́ẹ̀sì ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo ka ọjọ́ ìbí tí mo máa ń gbàgbé, tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń rán mi létí lọ́dọọdún. Mo ní mò ń lọ tọ̀. Mo jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, mo ká káàdì náà sí mẹ́rin, mo sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpò mi. Mo rò pé bí káàdì ò bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, àfi bí ẹni pé Màmá mi ò ní fóònù.

Ọjọ́ kejì, mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní ká dá lẹ́tà náà dúró, mo ní ó ti le jù, ó ń dẹ́rù ba àwọn ìyá. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń sọ èdè mìíràn.

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ó ku yàrá mẹ́fà péré. Obìnrin yẹn ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un pé ó ṣẹlẹ̀?”

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n sọ òótọ́. Gbólóhùn kan ni: Màmá mi ni. Mi ò sọ ọ́, torí bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ọ́fíìsì á mọ̀ pé mi ò ronú kan nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kò tì mí tó. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà ojú kan tó fẹ́ ta awò ojú.

Mo pe Màmá lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Ohùn wọn dáa, ó dáa jù. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́, wọ́n bi mí léèrè ẹ̀fọ́rí mi, wọ́n ṣàdúrà fún mi gùn ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ. Mi ò béèrè nípa lẹ́tà kankan, àwọn náà ò sì dárúkọ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Wọn ò kí mi.

“Kí lo sọ fún Màmá?”

“Mi ò sọ nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Wọ́n ń kó lọ sílé àwọn àgbàlagbà lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ti lọ wo ibẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́tà kan ló wọlé wá bá wọn, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń di ẹrù. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lé àwọn. Èwo ni ‘kò sẹ́ni tó lé àwọn’? Ta ló sọ pé ẹnì kan lé wọn?”

Mo ní màá wá.

Nígbà tí mo dé ilé láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi wà níta, wọ́n ń to àpótí sẹ́yìn ọkọ̀, ojú wọn wú. Inú ilé ti ń dún bí ilé tó ti ṣófo ṣe máa ń dún. Màmá ti kọ orúkọ wa sórí bébà kéékèèké, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ àga, mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kí a má baà jà lórí wọn. Àwọn fúnra wọn wà ní yàrá, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká ìborùn.

“O dé,” wọ́n wí. “Jókòó.”

Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀. “Màmá, èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn.”

“Mo mọ̀.”

Wọ́n ń ká ìborùn wọn lọ. Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi dáadáa, mo tún un sọ.

“Mo ní mo mọ̀. Ta ni mo tún sọ ọ́ fún? Mo ka ìlà kejì báyìí, mo ní ọmọ mi nìyí. O tiẹ̀ jí táìlì mi kan.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Má sunkún. Mi ò bínú. Mo jókòó tì í, mo rò ó. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ọmọ yìí tipẹ́, kò rí ẹnu sọ ọ́ fún mi, ló bá ní kí àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Àtikékeré lo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí nǹkan bá wù ọ́, o máa kọ ọ́ sínú bébà, o máa fi há abẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ní tó bá jẹ́ ohun tó fẹ́ nìyí, ó kọ ọ́ dáadáa, kò fi wọ́ mi nílẹ̀. Ló jẹ́ kí n tètè fèsì.”

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ọpọlọ mi ń sáré kiri. Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí Màmá mi gbà pé mo fẹ́ kí wọ́n lọ, àti pé ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Àbí kí n sọ òótọ́, tó tún burú ju ìyẹn lọ. Irọ́ ti sú mi, torí náà mo sọ òótọ́, títí dòní mi ò sì mọ̀ bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀.

“Màmá, ẹ̀yin kọ́ ni mo kọ ọ́ sí.”

“Ta wá ni?”

“Iṣẹ́ ni. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. A máa ń dá èèyàn kan sílẹ̀ ká tó kọ nǹkan, mo sì… mo lo ọ̀rọ̀ yín. Gbogbo ìyá tó ń dá gbé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Mi ò mọ̀ pé ó máa dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ọwọ́ wọn dúró lórí ìborùn. “Gbogbo ìyá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Àwọn mélòó?”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.”

Mo gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé níta.

“Mo rò pé èmi lo ń bá wí,” Màmá wí níkẹyìn. Ohùn wọn ò le rárá. “Èmi ti ń gbé e ka orí àyà, mo rò pé tèmi ni.”

“Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́. Ẹ jẹ́ ká kó àpótí wọ̀nyẹn sílẹ̀, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Mo bẹ̀ yín.”

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí.

“Ọjọ́ tá a ń ká aṣọ yẹn,” wọ́n wí, “tí mo sọ fún ẹ pé mo ṣubú. Mo rò pé ohun tó o máa sọ nìyẹn. Mo dákẹ́, mo ń retí ẹ. O ní o ò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, mo sì rántí ìdákẹ́jẹ́ náà. Mo rò nígbà yẹn pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Wọ́n wo Màmá, wọ́n wò mí lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n rò pé ẹ̀bẹ̀ kan náà tí àwọn bẹ̀ lèmi náà ń bẹ̀.

“Ṣé wọn ò gbọ́ tìẹ náà?” Wọ́n mú lẹ́tà náà lórí tábìlì, wọ́n gbọ̀n ọ́n níwájú mi. “Irú iṣẹ́ báyìí lò ń ṣe. O ò lè bá mi wádìí ẹni tó kọ ọ́? Mo kàn fẹ́ fojú kàn án ni. Mo fẹ́ bi í bóyá ó ní ìyá.”

Mo na ọwọ́ kí n gba lẹ́tà náà.

“Kí lo fẹ́ fi onítọ̀hún ṣe?” Màmá wí. Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ká a sínú ìborùn, wọ́n sì dìde. “Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Kò mọ̀ mí rí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n ti ń retí mi níbẹ̀.”

Wọ́n fa apá ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n jọ jáde. Èmi gbé àpótí tó kù, mo tẹ̀ lé wọn.

Oṣù mẹ́fà rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì mọ̀. Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ náà, ẹ lè bú mi, Bàbá Kò-Gbọ́ràn ló wà lára ògiri báyìí, mo sì ń kọ lẹ́tà sí i. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ kí Màmá. Ara wọn le, wọ́n ti sanra díẹ̀. Wọ́n á bi mí léèrè iṣẹ́, èmi náà á bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, wọ́n á ní àwọn sùn dáadáa, a ó wá sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn títí ìgbà tí mo bá máa lọ yóò fi tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tètè dé. Màmá àti ìyá tó wà ní yàrá kejì jókòó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, Màmá ń sọ nǹkan kan fún un wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n gbá a lọ́wọ́ mú bí wọ́n ṣe máa ń gbá mi lọ́wọ́ mú tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n sì dákẹ́.